Ẹsẹ̀ Paul George tó kán ní Las Vegas: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kan bá ti kán lójú pápá, ìtàn Paul George, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ọmọ Amẹ́ríkà tí ojúgun ẹ̀ ṣẹ́ ní 2014, làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń tẹ̀lé e: ṣé èèyàn tiẹ̀ lè padà bọ̀ sípò lẹ́yìn irú nǹkan báyìí? Mo ti ń dáhùn ẹ̀ káàkiri, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ni mo bá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan. Èrò tèmi wà níbẹ̀ o, mi ò fi pamọ́ fún yín: eegun kọ́ ló ń pẹ́ jù, ẹsẹ̀ ló ń pẹ́. Ẹni tó bá ń fi eegun nìkan ka oṣù, á kàn máa kán agbábọ́ọ̀lù lójú ni.

Ta ni Paul George gan-an, ká tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀?

Ọmọ Palmdale ni, ní ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà, 1990 ni wọ́n bí i. Yunifásítì Fresno State ló ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì kí ẹgbẹ́ Indiana Pacers tó mú un ní 2010, nígbà táwọn ẹgbẹ́ NBA, ìyẹn lígì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ń ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun sì ni ẹni kẹwàá tí wọ́n mú lọ́dún yẹn. Ní 2013 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ẹni tó tẹ̀síwájú jù lọ nínú gbogbo NBA. Lọ́dún yẹn àtọdún tó tẹ̀ lé e, Pacers gbé e dé àṣekágbá apá ìlà-oòrùn, àmọ́ Miami Heat ti LeBron James ló ń dá wọn padà nígbà méjèèjì. Sáà 2013-14 yẹn, mátíìsì 56 ni Pacers jẹ, àwọn ni wọ́n ṣe ipò kìíní ní ìlà-oòrùn.

Ìdí tí mo fi ń sọ eléyìí ni pé ìgbà tí nǹkan ń dùn fún un gan-an ni ẹsẹ̀ yẹn kán. Ọmọ ọdún 24 ni, ó ti buwọ́ lu kọ́ńtíráàtì ọdún márùn-ún tó lé ní àádọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là, sáà tó ń bọ̀ yẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ní òun fẹ́ fi nọ́ńbà 24 sílẹ̀, òun fẹ́ máa wọ 13.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2014, ọjọ́ Jímọ̀. Tíìmù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń múra World Cup básíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa gbá ní Sípéènì, wọ́n wá pín ara wọn sí méjì kí wọ́n fi bára wọn gbá a níwájú èrò, ní Thomas & Mack Center ní Las Vegas. Kì í ṣe mátíìsì gidi, ẹ gbọ́ o, ìgbáradì lásán ni.

Apá kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. James Harden gba bọ́ọ̀lù, ó ń sá eré lọ tààrà sídìí àwọ̀n, Paul George gbá tẹ̀ lé e látẹ̀yìn, ó fẹ́ fọwọ́ dí bọ́ọ̀lù yẹn lójú òfuurufú. Ó fò, bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ lọ ṣe kòńgẹ́ ìdí òpó tó gbé àwọ̀n dúró, gbogbo ara wá tẹ̀ lé e, ojúgun bá ṣẹ́ kọ́dọ́ níbi tí kò sí oríkèé. Ẹni tó bá wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀kan, mi ò rò pé á fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, èmi ò sì ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ wá a. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yíjú kúrò, àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan kó orí sínú ọwọ́. Bàbá àti ìyá ẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọmọ wọn nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde tán, Kóòṣì Mike Krzyzewski sọ fáwọn èrò pé àwọn ò ní gbá a mọ́, kí kálukú máa lọ sílé. Wọn ò parí ẹ̀.

Ṣé ẹ̀bi Harden ni? Ṣé ẹ̀bi àwọn tó ni pápá ni?

Harden ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ ni. Ti òpó yẹn ló fa àríyànjiyàn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tọ́ka sí i pé ó sún mọ́ ìlà ju bó ṣe máa ń rí ní pápá NBA lọ, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn léèrè. Mark Cuban tó ni Dallas Mavericks nígbà yẹn náà tún gbé ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tipẹ́ dìde, pé ẹgbẹ́ NBA ló ń sanwó agbábọ́ọ̀lù, àwọn ẹlòmíì ló ń jèrè ẹ̀ ní ìdíje àgbáyé. Ṣùgbọ́n Larry Bird tó jẹ́ ọ̀gá ní Pacers, tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ṣe lófò, kò bá wọn dá tíìmù orílẹ̀-èdè lẹ́bi. Ohun tó sọ ni pé ibikíbi nirú ẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn lójú tèmi.

Eegun wo ló kán?

Méjèèjì tó wà láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Eegun ojúgun, ìyẹn èyí tó nípọn tẹ́ ẹ lè fọwọ́ tọ́ láti iwájú, òun ló ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù ara. Èkejì tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ ìta ló wà. Àwọn méjèèjì ló dá, eegun sì ya awọ jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Tí eegun bá kán lábẹ́ awọ, ìdọ̀tí ò ráyè wọlé. Tó bá ti ya awọ, kòkòrò àìsàn ti rí ọ̀nà dé inú eegun, tó bá sì lọ tẹ̀dó síbẹ̀, ó lè sọ nǹkan oṣù díẹ̀ di nǹkan ọdún. Ojúgun sì tún burú síbẹ̀, ẹ fọwọ́ kan tiyín wò báyìí, awọ nìkan ló bo iwájú ẹ̀, kò sẹ́ran níbẹ̀, ibi tí kò sẹ́ran ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé oògùn àti oúnjẹ lọ síbi tó ń sàn.

Kí ni àwọn dọ́kítà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Wọ́n gbé e lọ sí Sunrise Hospital níbẹ̀ ní Las Vegas, wọn ò jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe irú ẹ̀ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fún èèyàn ní oògùn tó ń pa kòkòrò gba inú iṣan, kíákíá ni o, kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fọ ojú egbò yẹn dáadáa, wọ́n á gé ẹran tó bá ti kú dànù. Wọ́n á wá to eegun padà sójú ọ̀nà, wọ́n á ki ọ̀pá irin gígùn kan bọ inú ihò eegun ojúgun láti apá orúnkún wá sísàlẹ̀, wọ́n á fi skúrù há a lókè àti nísàlẹ̀ kó má baà yí. Iṣẹ́ tí irin tí bíríkìlà ń kì sáàárín òpó kọnkéré ń ṣe náà nìyẹn. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi sí ẹsẹ̀ Paul George.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sórí Twitter pé kò séwu, òun máa padà, òun sì máa dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ abẹ bọ̀ nìyẹn o.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi POP dè é?

POP dáa fún ẹsẹ̀ tó kán tí ò yẹ̀, tí awọ ò sì ya. Èyí tó kán méjì tó sì ya awọ, tẹ́ ẹ bá fi POP bò ó ẹ ò ní lè máa wo egbò, eegun á máa yẹ̀ nínú ibẹ̀, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ á gan. Àǹfààní irin ni pé èèyàn tètè ń ká orúnkún, ó sì tètè ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, màá padà sórí ẹ̀.

Eegun gan-an, oṣù mélòó ló fi ń sàn?

Fún àgbàlagbà tára ẹ̀ le, ojúgun tó kán báyìí máa ń gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó so pọ̀ dáadáa, èyí tó bá ya awọ lè jù bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń lọ rèé: ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì síbi tó ti kán. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nǹkan rírọ̀ kan á hù yí i ká, á mú ojú méjèèjì pọ̀ àmọ́ kò tíì le. Lẹ́yìn náà ara á máa kó èròjà tó ń mú eegun le sínú ẹ̀ títí á fi di eegun, ẹ ó rí i nínú àwòrán ẹ́ksíréè bíi kókó. Kókó yẹn ara á wá máa gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dọ́gba, ìyẹn lè gba ọdún kan, ó lè lé.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé eegun nílò ẹrù kó tó le. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lórí pílò lóṣù mẹ́fà, eegun ẹ̀ á máa fúyẹ́ ni. Ìdí nìyẹn táwọn dọ́kítà fi máa ń ní kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, pẹ̀lú igi tí wọ́n ń kì bọ abíyá.

Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ló dé tó fi pé oṣù mẹ́jọ kí Paul George tó gbá bọ́ọ̀lù?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè eléyìí, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé eegun ti so. Dọ́kítà wo ẹ́ksíréè, ó rẹ́rìn-ín. Kí ló wà lára ẹsẹ̀ yẹn lọ́jọ́ yẹn? Iṣan itan ti gbẹ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì ẹ ó rí i pé ó ti tín-ín-rín. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó máa ń ti èèyàn sókè tó bá fẹ́ fò, kò lágbára mọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ò tẹ̀ dé ibi tó máa ń tẹ̀ dé. Orúnkún ń dun èèyàn níbi tí wọ́n gbà ki irin wọlé, ìrora orúnkún yẹn wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún, ó sì lè pẹ́ kó tó lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn ẹsẹ̀ kejì ló ti ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì, ìbàdí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yìn náà ti kọ́ ọ. Èèyàn wá ń tiro láìmọ̀, kódà nígbà tí kò ríbi tó ń dùn ún mọ́.

Iṣẹ́ físíò ni kó tún gbogbo ìyẹn kọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹyọ kan péré: dídúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kéèyàn wá gbé gìgísẹ̀ sókè, kó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tára yín le, ẹ dìde ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ ṣe é títí á fi rẹ̀ yín. Ẹni tí ojúgun ẹ̀ kán, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gìgísẹ̀ yẹn kì í kúrò nílẹ̀ rárá. Á máa gbọ̀n, òógùn á máa bọ́, gìgísẹ̀ ò ní gbéra. Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ló fi máa ń gòkè, níwọ̀nba. Lẹ́yìn tó bá gòkè tán la tó ń sọ̀rọ̀ pé kó fò, lẹ́yìn tó bá fò tán la tó ń sọ̀rọ̀ pé kó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn ìyẹn la tó ń sọ̀rọ̀ eré sísá, ká dúró lójijì, ká yí padà. Básíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe eré ìwòran, gbogbo ìṣẹ́jú lèèyàn ń fò tó ń balẹ̀, ara ẹlòmíì sì wà nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ lè balẹ̀ lé lórí.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń dùn sí bí Pacers ṣe ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó má gbá bọ́ọ̀lù kankan ní gbogbo sáà 2014-15, wọn ò dá ọjọ́ fún un. Ìparí oṣù kejì 2015 ló tó bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe tréènì pọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ó tún lé ní oṣù kan kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ mátíìsì. Tíìmù yẹn sì ń jìyà nígbà yẹn, Lance Stephenson ti lọ sí Charlotte, wọ́n ń wá mátíìsì tí wọ́n máa jẹ lójú méjèèjì. Wọ́n lè ti kán an lójú, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ wo ló wá padà?

Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2015, nílé wọn ní Indianapolis, Miami Heat ló wá bá wọn gbá a. Kò bẹ̀rẹ̀ mátíìsì yẹn, orí bẹ́ǹṣì ló ti dìde, àwọn èrò sì dìde dúró kí i. Ìṣẹ́jú 15 ló fi gbá a, ó ní pọ́íǹtì 13, Pacers jẹ Heat 112 sí 89.

Mátíìsì mẹ́fà péré ló gbá kí sáà yẹn tó parí. Nínú èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n bá Memphis gbá, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó jáde. Ẹsẹ̀ òsì o, ẹsẹ̀ tí ò kán! Ohun tí mo ń sọ lókè nìyẹn, ẹsẹ̀ tó ti ń gbé ẹrù méjì máa ń sọ̀rọ̀ tó bá yá. Pacers pàdánù mátíìsì yẹn, Brooklyn ló gba ipò kẹjọ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò wọ playoffs, ìyẹn ìdíje ìparí sáà. Mátíìsì 38 ni wọ́n jẹ lọ́dún yẹn, láti 56.

Ṣé ó padà dà bíi ti tẹ́lẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá wo mátíìsì mẹ́fà yẹn nìkan ẹ ó ní rárá. Tẹ́ ẹ bá wo sáà tó tẹ̀ lé e, ẹnu á yà yín. 2015-16 ló padà lójú tèmi. Mátíìsì 81 nínú 82 ló gbá. Pọ́íǹtì 23.1 ló ń ní lójúmọ́ mátíìsì kan, ìyẹn ju 21.7 tó ń ní ṣáájú kẹ́sẹ̀ tó kán. Ó ní 48 nínú mátíìsì kan sí Utah ní oṣù kejìlá 2015. Ní All-Star, ìyẹn mátíìsì àwọn ìràwọ̀ lígì, ní Toronto ní oṣù kejì 2016, pọ́íǹtì 41 ló ní, ó ku ẹyọ kan kó bá 42 tí Wilt Chamberlain ní ní 1962 dọ́gba, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọjá nígbà yẹn. Nígbà tí sáà máa fi parí, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sínú tíìmù kẹta àwọn tó dáa jù nínú lígì.

Kò sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn tó ti lọ sí Oklahoma City ní 2017, sáà 2018-19 ló fi ní pọ́íǹtì 28 ní mátíìsì kọ̀ọ̀kan, òun ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò jù nínú gbogbo NBA, ó sì ṣe ẹnì kẹta nínú ìbò ẹni tó dáa jù lọ. Ẹni kejì nínú ìbò yẹn? James Harden. Giannis Antetokounmpo tó ṣe ìkíní, ọmọ àwọn òbí Nàìjíríà ni, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé Nàìjíríà wà nínú ìtàn yìí, ṣé lóòótọ́ ni?

Lóòótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn apá yìí. Paul George ò sá fún tíìmù orílẹ̀-èdè ẹ̀. Ó padà lọ bá wọn ní 2016 nígbà tí wọ́n ń múra ìdíje Olympics ní Rio. Àwọn tí wọ́n bá gbá ìgbáradì tó kẹ́yìn kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Brazil ni D'Tigers wa, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, ní Houston, ìlú tí Hakeem Olajuwon ọmọ Èkó ti di ọba básíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ wo ni? Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2016. Ọdún méjì géérégé sọ́jọ́ tẹ́sẹ̀ yẹn kán. Wọ́n lù wá 110 sí 66, ẹ máà jẹ́ ká sọ ìyẹn pọ̀, àwa la jẹ́ ọba Áfíríkà nígbà yẹn torí a ti gba AfroBasket 2015. Amẹ́ríkà lọ gba góòlù ní Rio, Paul George sì gba tiẹ̀ síbẹ̀.

Ọkàn ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ò bà á láti tún fò?

Mi ò ní sọ ohun tó wà nínú ọkàn ẹ̀ fún un. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú eléré mọ̀ ni pé ẹ̀rù yẹn wà, gidi ni, kì í ṣe ìwà ojo. Ara máa ń rántí. Èèyàn á sá eré débi kan, ẹsẹ̀ á fúnra ẹ̀ dín eré kù kó tó débẹ̀, kò sì sọ fún un pé kó dín in. Agbábọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rù bíbalẹ̀ á máa balẹ̀ lódìlódì, á wá fi ìyẹn ṣe ibòmíì léṣe. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kó máa ṣe nǹkan tó ń bà á lẹ́rù ní kékeré kékeré níwájú ẹni tó mọṣẹ́, títí tí ọkàn á fi gbà pé ẹsẹ̀ yìí ò ní dá mi.

Àmọ́ nǹkan kan wà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá ẹ̀ Paulette, ẹ̀gbẹ́ kan ara ìyá náà ò ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ojú ẹ̀ ló ṣe tí ìyá náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn padà. Ìyá yẹn ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá a nílẹ̀ ní Las Vegas. Ẹni tó ti rí i kí ìyá ẹ̀ dìde, mo rò pé kò lè ṣòro fún un láti gbà gbọ́ pé òun náà á dìde.

Gordon Hayward náà kán, kí ló dé tí tiẹ̀ ò rí báyìí?

Ẹ má fi wọ́n wéra bẹ́ẹ̀. Hayward, ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2017 ni, mátíìsì àkọ́kọ́ ẹ̀ pẹ̀lú Boston Celtics, ní Cleveland, kó tó gbá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọrùn ẹsẹ̀ òsì ló yẹ̀, eegun ojúgun sì kán nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀: ti George, àárín eegun ló kán, oríkèé ò sí níbẹ̀. Ti Hayward, oríkèé gan-an ló bàjẹ́, oríkèé sì ṣòro ju eegun lọ púpọ̀ torí ibẹ̀ ni gbogbo ìyípadà ẹsẹ̀ ti ń wá. Wọ́n tún ní láti ṣiṣẹ́ abẹ kejì fún un ní 2018 kí wọ́n yọ irin tí wọ́n fi sí i. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 2018 ló padà, ó sì fi gbogbo sáà yẹn tiraka, pọ́íǹtì 11.5. Sáà kejì ló tó gòkè dé 17.5. Ó gba kọ́ńtíráàtì 120 mílíọ̀nù dọ́là ní Charlotte lẹ́yìn ìyẹn, 2024 ló fẹ̀yìn tì. Inú bí mi sáwọn tó ń bú u lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n rí i pé ó ń sá eré, wọ́n rò pé ó ti sàn nìyẹn.

Ṣé wọ́n ṣì ń sanwó fún un nígbà tí ò gbá bọ́ọ̀lù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́ńtíráàtì NBA irú tiẹ̀ yẹn, owó ẹ̀ ti dájú. Ìyẹn sì wà lára ohun tó wò ó sàn, mi ò sọ ọ́ ṣeré. Ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní lígì tí wọn kì í san owó oṣù déédéé, tó kán lẹ́sẹ̀, ó mọ̀ pé ọjọ́ tóun ò bá gbá ẹnikẹ́ni ò ní fún òun ní kọ́bọ̀, á padà sórí pápá kí gìgísẹ̀ ẹ̀ tó gbéra. Ẹsẹ̀ kan náà ni Ọlọ́run dá fún wọn o.

Ṣé àwọn bàbá wa tó ń to eegun lè tọ́jú irú ẹ̀?

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn, ilé wa ló ti wá, àwọn kan mọ̀ ọ́n dáadáa, eegun tó kán lábẹ́ awọ tí ò yẹ̀ púpọ̀, wọ́n ti tò ó fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rìn lónìí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ya awọ, rárá, ẹ jọ̀ọ́. Egbò yẹn ń fẹ́ fífọ̀ nínú iyàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń fẹ́ oògùn gba inú iṣan. Ewu kejì ni igi ọparun tí wọ́n ń fi dè é. Ẹsẹ̀ tó kán máa ń wú, tí wọ́n bá dè é pinpin tó wá wú sínú ìdè yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá mọ́. Àwọn dọ́kítà eegun nílé wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn ń gé ẹsẹ̀ ọmọdé torí ìdè, kì í ṣe torí pé eegun kán. Tí ìka ẹsẹ̀ bá ti ń tutù, tó ń dúdú, tí aláìsàn ò mọ ìgbà téèyàn fọwọ́ kàn án, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, ẹ tú ìdè yẹn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí dọ́kítà eegun wà. Ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì l'Ékòó wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ torí ẹ̀.

Oúnjẹ wo ló ń mú eegun tètè so?

Kò sí idán. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹran, wàrà, ẹ̀fọ́, kó jẹun yó torí ara tó ń sàn ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó gba oòrùn díẹ̀ sára. Kó má fa sìgá, èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, sìgá kì í jẹ́ kí eegun tètè so.

Ṣé ibi tó kán yẹn ò ní tún kán?

Tó bá ti so tán, ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó rọrùn jù láti kán mọ́. Ti irin inú ẹ̀, tí kò bá yọ èèyàn lẹ́nu wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni.

Níbo ló wà báyìí?

Ó kúrò ní Oklahoma lọ sí Los Angeles Clippers ní 2019, ó bá wọn dé àṣekágbá apá ìwọ̀-oòrùn ní 2021, wọn ò débẹ̀ rí ṣáájú ìgbà yẹn. 2024 ló buwọ́ lu ìwé pẹ̀lú Philadelphia 76ers, ọdún mẹ́rin, 212 mílíọ̀nù dọ́là. Nọ́ńbà 13 tó fẹ́ wọ̀ nígbà tẹ́sẹ̀ kán yẹn ló gbé dé Oklahoma àti Los Angeles.

Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú wa ní pápá, kí la máa ṣe?

Ẹ jẹ́ kó sùn sílẹ̀, kó má gbìyànjú àtidìde. Ẹ má fa ẹsẹ̀ yẹn, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ tò ó padà, ẹ má ti eegun tó yọ síta wọlé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe orí eegun fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ mímọ́ bo ojú egbò náà. Ẹ má da nǹkan kan sí i, ì báà jẹ́ epo, ì báà jẹ́ ògógóró, ì báà jẹ́ ewé. Ẹ wá pátákó tàbí páálí tó le, kẹ́ ẹ fi gbé ẹsẹ̀ náà bó ṣe wà kó má máa mì, kó kọjá orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má sì dè é pinpin. Ẹ bọ́ bàtà ẹ̀ tó bá ṣeé bọ́, kẹ́ ẹ lè máa wo ìka ẹsẹ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un lómi, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó, torí wọ́n lè fẹ́ kun ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Kí ẹnì kan máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹlòmíì wá ọkọ̀. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ pe ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá dọ́kítà eegun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.